Ayé Iwin tí Àwa Méjì Dá ní Ṣàpọ́n

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní jọ́gíráfì ló gbé àwòrán náà wá sí kíláàsì. Bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni, oòrùn wà láàárín rẹ̀, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sì tò yí i ká. Olùkọ́ ka orúkọ wọn fún wa, wọ́n ní nínú gbogbo wọn, ilé ayé wa yìí nìkan ni a mọ̀ pé ènìyàn ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí nawọ́ sókè. Ó ní àwọn yòókù ńkọ́, ta ló ń gbé ibẹ̀. Olùkọ́ ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó, ó sì sọ ọ́ sí mi létí pé tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè já wa nírọ́ nìyẹn.

Bí ayé iwin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí aago ìsinmi tó dún, a ti fi àwọn iwin sórí pílánẹ́ẹ̀tì kan tí kò sí nínú àwòrán olùkọ́ rárá, nítorí ọ̀rẹ́ mi ní èyí tó wà nínú àwòrán ti ní olówó, kí a wá tiwa.

Ọmọ oko ni ọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ló ń já ewé èlú wá fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń ṣe aró lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ṣàpọ́n, Abẹ́òkúta. Ìyá Aláró ni gbogbo ọmọ ilé ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní ìpínlẹ̀ wa, tí ọmọbìnrin náà sì yege láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, bàbá rẹ̀ wá bẹ Ìyá Aláró pé kí wọ́n gbà á sọ́dọ̀, nítorí kò sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí abúlé wọn. Olórìṣà pọ́ńbélé ni bàbá náà. Ilé ìmàle sì ni ilé wa, láti ayé bàbá bàbá mi ni wọ́n ti ń kírun tí wọ́n sì ń ta aṣọ níbẹ̀. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n fẹnu kò. Ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ ilé bí àwa yòókù, kò sẹ́ni tó máa fipá mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun náà ò sì ní gbé ohun ìbọ kankan wọlé. Ó gbé àpótí páànù rẹ̀ dé ní ọjọ́ Àìkú kan, láti ọjọ́ náà ni èmi àti òun ti ń sùn lórí ẹní kan náà.

Èmi mọ ìlú, òun mọ igbó. Bí a ṣe pín iṣẹ́ nìyẹn láìjẹ́ pé a sọ ọ́ jáde. Èmi ni mo ń to ilẹ̀ àti odò àti ìlú àwọn iwin, òun ló ń fi ẹran àti ẹyẹ àti igi síbẹ̀. Nígbà tí a bá ń pọn omi sínú ìkòkò aró, tàbí tí a bá ń ṣa ewé èlú sórí àtẹ, ẹnu wa kì í dákẹ́.

Òṣùpá méjì ló wà lójú ọ̀run ayé iwin, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àbúrò kì í yọ kí ẹ̀gbọ́n tó yọ, ìwà ọmọlúàbí ni. Odò ńlá kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Odò Ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, kùrukùru lásán ni, ó máa ń fò lókè ilẹ̀ bí èéfín ẹ̀yìn ilé. Tí àwọn òṣùpá bá ti yọ, á wálẹ̀, á di omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àwọn ẹja rẹ̀ ń gbé nínú kùrukùru náà lọ́sàn-án, tí ènìyàn bá la àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á máa fi ìrù gbá a létí. Àwọn àpáta ibẹ̀ ń dàgbà. Bí ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta, àpáta ni mo kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní, ṣùgbọ́n tiwọn máa ń ta bí iṣu, iwin tó bá fẹ́ kọ́lé á gé orí àpáta kékeré, á gbìn ín, á sì dúró de ilé rẹ̀.

Àwọn iwin náà ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, etí wọn gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó lókè. Ọ̀rẹ́ mi ní gbígbọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ra yé, etí ni wọ́n fi mọ àgbà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jù lọ ni etí rẹ̀ ń gùn jù lọ, òun náà ni wọ́n sì ń fi jọba.

Ṣùgbọ́n níbi ẹranko ni ọ̀rẹ́ mi ti ń fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti rí akíka rí lóko bàbá rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń ká ara rẹ̀ kò bí ọ̀ṣùká tí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án. Akíka ti ayé iwin tóbi bí ilé alájà, ọdọọdún ló sì ń bọ́ ìpẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìpẹ́ yìí ni àwọn iwin fi ń bo òrùlé. Ìgbín kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pa ọjà sí lẹ́yìn, pẹ̀lú ìsọ̀ àti àwọn tó ń tajà. Ìgbín náà ń rìn láti ìlú dé ìlú, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń lọ sọ́jà, ọjà ló ń bọ̀ wá bá wọn, bó bá sì pẹ́ kó tó dé, wọ́n mọ sùúrù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀gà wọn. Ọ̀gà tiwa ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà sí ti ibi tó bá wà. Ọ̀gà tiwọn ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà sí ti ibi tó ń lọ. Tí arìnrìn-àjò bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe máa rí, ara ọ̀gà ló máa wò.

Àwọn igi igbó wọn náà ń rìn. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, gbogbo wọn á fa gbòǹgbò yọ, wọ́n á tò lọ sí etí odò, tí òjò bá sì rọ̀, kálukú á padà sójú ibùdó rẹ̀. Mo bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí igi kan bá ṣìnà. Ó ronú títí a fi fọ gbogbo agbada tán. Ó ní ibikíbi tó bá dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ abúlé tuntun.

Nígbà ìsinmi, bàbá mi gbé wa dání lọ sí Papalanto nínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà wọn. A ò tíì dé ibẹ̀ tí a ti rí i tí ewé ẹ̀bá ọ̀nà ń funfun. Eruku sìmẹ́ńtì láti ilé-iṣẹ́ tó wà nítòsí ti bo òrùlé àti ọ̀pẹ, ó bo ẹ̀yìn ewúrẹ́ pàápàá. Bàbá mi ń bá oníbàárà wọn sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, a ń wò. Ọ̀rẹ́ mi fi ìka kọ ìlà sára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, àwọ̀ ewé yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, ṣé mo rí i, ẹni tó bá ń gbé irú ibí yìí, gbogbo ibi tó bá fọwọ́ kàn ló máa hàn. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ayé iwin ti ní Ilẹ̀ Ẹfun, níbi tí àwọn iwin kan ń gbé tí kì í purọ́, nítorí ipasẹ̀ gbogbo ènìyàn ń hàn nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Orí ìtàn ìlú la ti jà. Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn baba wa tó sá fógun tí wọ́n wá forí pamọ́ sábẹ́ àpáta Olúmọ, mo sì fẹ́ kí àwọn iwin náà sá fógun wá sábẹ́ àpáta kan. Ọ̀rẹ́ mi ní èyí ti ṣẹlẹ̀, kí ni a wá fẹ́ fi ayé tuntun ṣe. Mo ní ìlú tí kò bá ní ogun nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìlú. Ó ní mi ò mọ nǹkan kan. A ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a ń kẹ̀yìn síra wa lórí ẹní. Ìyá Aláró fura pé ẹ̀yìnkùlé ti dákẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó fà á, wọn ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Wọ́n ń ro aró lọ, wọ́n kàn béèrè pé àwọn tó wà lábẹ́ àpáta kí àwọn tó ń sá fógun tó dé ńkọ́, ta ni wọ́n?

Ìbéèrè yẹn ló là wá. Àwọn iwin kékeré kan ti wà lábẹ́ àpáta tẹ́lẹ̀, wọn ò jagun rí. Nígbà tí àwọn tó ń sá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbà wọ́n wọlé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ wọn, pé kí kálukú sọ ibi tó ti ń bọ̀ títí tí yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ náà kò tán ní ìran kìíní, kò tán ní ìran kejì. Ibẹ̀ ni etí wọn ti gùn. Èmi rí ogun mi, òun náà rí àlàáfíà rẹ̀, a sì padà sídìí iṣẹ́.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé nígbà náà. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, àwọn ló kọ́ mi ní kéú láti orí àlífù, ṣùgbọ́n ọkàn wọn gbóná sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lẹ́yìn ìrìn àjò náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láti ṣe àlùwàlá, wọ́n gbọ́ tí mo ń sọ pé nígbà tí a dá ayé iwin, omi la kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́tùlù ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí mo sọ, mo tún un sọ.

Wọn ò nà mí. Wọ́n lọ bá bàbá mi, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ló ń dá ayé, àti pé ilé olórìṣà ni ọmọ yẹn ti kó iwin wọ ilé wa. Wọ́n ní kí wọ́n dá a padà sí abúlé kí ó tó ba gbogbo ọmọ ilé jẹ́. Bàbá mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí a sọ pé àwọn fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tì. Wọ́n ní kí a pe àáfà àgbà tó ń ṣe ìmáámù àdúgbò wa, ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé.

Ẹ̀rù bà mí. Tí ọ̀rẹ́ mi bá padà sí abúlé, ìwé rẹ̀ tán nìyẹn. Òun náà mọ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí páànù, ó sì jókòó lé e lórí. Mo ní kó tú u. Ó ní òun á tú u tí wọ́n bá ní kí òun dúró.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n pè wá sí pálọ̀. Àáfà jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, bàbá mi àti Bàbá Kékeré wà lọ́tùn-ún, Ìyá Aláró wà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn dúdú fún aró dé ìgúnpá. A kúnlẹ̀. Bàbá Kékeré rojọ́ tiwọn, wọn ò bù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, àáfà ní kí a sọ ti ayé náà fún àwọn.

Mo sọ ti òṣùpá méjì, mo sọ ti odò. Nígbà tí mo dé orí àwọn ẹja tó ń gbé nínú kùrukùru, mo rí i pé àáfà ti sún síwájú díẹ̀. Wọ́n béèrè pé kí ni àwọn iwin ń jẹ. Ọ̀rẹ́ mi dáhùn. Wọ́n béèrè ẹni tó ń sin òkú wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn igi tó ń rìn ni, wọ́n á gbé òkú náà lọ sí etí odò, wọ́n á sì dúró tì í di ìgbà òjò. Àáfà mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè ohun tí gbogbo wa ń dúró dè.

"Ta ló dá ayé tí ẹ ń sọ yìí?"

Ọ̀rẹ́ mi ló gbójú sókè.

"Ẹnu wa la fi dá a, bàbá. Ọlọ́run ló dá ẹnu."

Àáfà gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

"Ṣé ẹ máa ń forí balẹ̀ fún àwọn iwin náà?"

"Rárá, bàbá. Àwa là ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àáfà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí èjìká wọn fi ń mì, bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Ìyá Aláró fi apá bo ẹnu. Nígbà tí àáfà nu ojú tán, wọ́n kọjú sí Bàbá Kékeré, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òpùrọ́ ni ẹni tó sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíràn lè gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò tan ẹnì kankan jẹ, eré ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé eré ni. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti to odò kan ṣoṣo kó ṣàn dáadáa, wọ́n ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ á túbọ̀ mọ iyì Ẹni tó to gbogbo èyí tí a ń rí. Wọ́n wá na ìka sí ọ̀rẹ́ mi.

"Àmáánà ni ọmọ yìí lọ́wọ́ yín. Bàbá rẹ̀ fọkàn tán yín ló fi fà á lé yín lọ́wọ́. Ta ló ń dá àmáánà padà nítorí eré?"

Bàbá Kékeré tẹrí ba. Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó lọ tú àpótí rẹ̀.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ti sọ fún wa ṣáájú pé ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́nà ní Ìbarà, kí kálukú ṣe máàpù ilẹ̀ kan wá. Ohun tí àwọn ọmọ máa ń ṣe ni kí wọ́n fi ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ máàpù Nàìjíríà mọ́ páálí. A lọ bá olùkọ́, a ní ayé iwin la fẹ́ ṣe. Wọ́n ní tí a bá lè dáhùn gbogbo ìbéèrè lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń dáhùn lórí ilẹ̀ tó wà lóòótọ́, àwọn ò ní dí wa lọ́wọ́.

Ìyá Aláró ló ní kí a má fi páálí ṣe é. Wọ́n máa ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Wọ́n ní ayé tó ti dé iwájú àáfà kò yẹ kó wà lórí páálí bísíkíìtì. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àáfà. Èsì tó wá ni pé kò burú, kí a ṣáà má ya ojú fún ohun ẹlẹ́mìí.

Èyí dá wa lágara. Báwo ni ènìyàn ṣe máa ya akíka tí kò lójú? A gbìyànjú rẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú igi, ó dà bí òkúta. Ọ̀rẹ́ mi lóṣòó, ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní nígbà tí òun bá pàdé ẹran lóko, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òun sábà máa ń rí, torí ó ti ń sá lọ. Kí gbogbo wọn kẹ̀yìn sí wa. Bí a ṣe yà wọ́n nìyẹn, akíka àti ọ̀gà, ìgbín tó ru ọjà, àwọn ẹyẹ tí ẹsẹ̀ wọn gùn, gbogbo wọn ń rìn wọ inú aṣọ lọ, àwọn iwin náà ń bá wọn lọ, a kàn ń rí ṣóńṣó etí wọn.

Ìyá Aláró ló kọ́ wa bí a ṣe ń di ìyẹ́ mú kí ẹ̀kọ má kán. Èmi ya odò, mo ya àpáta, mo fi àmì ìlú síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi yá ju tèmi lọ nídìí ẹranko. Aṣọ náà gbẹ nínú oòrùn, a rẹ ẹ́ sínú aró, a yọ ọ́, a sá a, a tún rẹ ẹ́. Nígbà tí a tún un sá, mo rí i pé ẹ̀kọ tó bo Ilẹ̀ Ẹfun ti sán, aró sì ti wọ ibẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la àárín ilẹ̀ funfun já. Mo ní ó ti bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní ọ̀nà ni, a ò tíì la ọ̀nà gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Aláró ní kò sí aláró tó lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú ìlà bẹ́ẹ̀ kó dára tó yẹn.

Nígbà tí a ha ẹ̀kọ kúrò, tí a fọ aṣọ náà, tí a sì nà án sórí okùn, gbogbo ilé jáde wá wò ó. Ilẹ̀ dúdú bí ojú sánmà ìrọ̀lẹ́, ayé wa sì funfun lórí rẹ̀. Bàbá mi, tó ti ń ta aṣọ láti kékeré, fọwọ́ pa á, wọ́n sì yí i wò lẹ́yìn. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí tí oníbàárà kan fi wá pè wọ́n.

Ní Ìbarà, gbọ̀ngàn náà kún fún máàpù ìrẹsì àti ẹ̀wà. Olùkọ́ bá wa fi aṣọ kọ́ ara ògiri, kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ síwájú rẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ló ń lọ láti ibì kan sí ibì kan. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wọ agbádá funfun, bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un fi sójú. Wọ́n ní ilẹ̀ wo nìyí. Mo ní ayé iwin ni, sà, pílánẹ́ẹ̀tì ni.

Mo rò pé wọ́n á kọjá lọ. Wọ́n dúró. Wọ́n béèrè ìdí tí odò fi ń ṣàn nírọ̀lẹ́ nìkan, mo ní òṣùpá méjèèjì ló ń fà á wálẹ̀. Wọ́n yíjú sí olùkọ́ wa, olùkọ́ ní lóòótọ́ ni òṣùpá ń fa omi òkun. Wọ́n béèrè ohun tí àwọn ẹran ń jẹ nígbà tí igbó bá ti rìn lọ, ọ̀rẹ́ mi kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, èyí tó ń tẹ̀lé igi àti èyí tó ń sùn de òjò. Ohùn rẹ̀ lọ sókè dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ bíi mélòó kan ló wà níwájú wa. Nígbà tí adájọ́ fi máa béèrè ti ìgbẹ̀yìn, mi ò lè rí ẹnu ọ̀nà mọ́ fún ènìyàn.

"Kí ló dé tí gbogbo wọn fi kẹ̀yìn sí wa?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí, mo sì rí i pé èmi ló fẹ́ kí n dáhùn.

"Ilé ni wọ́n ń lọ, sà."

Adájọ́ náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń pàtẹ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwa la gba ipò kìíní. Wọ́n fún kálukú wa ní máàtì-sẹ́ẹ̀tì tuntun àti ìwé ẹ̀rí, olùkọ́ wa sì dì mọ́ wa níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ohun tí wọn ò ṣe fún ọmọ kankan rí.

Níbi tí a ti ń bọ́ lórí pèpéle ni mo ti gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀ níwájú aṣọ wa. Bàbá Kékeré ni. Wọ́n ti kó àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ wọn wá láti Ṣàpọ́n, àwọn fúnra wọn dúró ti aṣọ náà, wọ́n ń fi igi tọ odò, wọ́n ń ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn pé ẹja ló wà nínú kùrukùru yẹn, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹyẹ ni. Ẹnì kan béèrè ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni àwọn méjèèjì tó ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi rìn délé.

Kí oṣù tó parí, àwọn obìnrin ti ń wá béèrè irú àdìrẹ náà lọ́wọ́ Ìyá Aláró. Wọ́n ń pè é ní Wọ́n-ń-relé. Ìyá Aláró, tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ayé ti gbàgbé àdìrẹ, ní láti gba obìnrin méjì mìíràn síṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi parí ìwé rẹ̀ nílé wa, ó wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló kà, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Èmi ń kọ ìwé fún àwọn ọmọdé. Ènìyàn máa ń bi mí pé ibo ni mo ti kọ́ ọ, mo sì máa ń sọ fún wọn pé lẹ́yìnkùlé ni.

Kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ìsinmi tó tẹ̀lé ìpàtẹ náà, a gbé aṣọ náà lọ sí abúlé ọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ nà án sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ní kí a sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn láti etí kan dé etí kejì. Àwọn ará abúlé ti oko dé, wọ́n gbé ẹrù sọ̀, wọ́n jókòó. Wọn ò gbọ́ ọ ní dídákẹ́. Ọdẹ kan ní ẹran ńlá bí akíka yẹn gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń mumi ní ọ̀gbẹlẹ̀, a sì wá ibi kan fún un. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí àpótí béèrè bóyá àwọn iwin náà ń gba àlejò. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ń gbà á dáadáa, tí àlejò bá ṣáà ti lè sọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ìyá náà ní èyí rọrùn fún àwọn. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sún àpótí wọn mọ́ etí aṣọ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.